Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tó Ń Jẹ́ Àbẹ̀kẹ́

Oṣù kẹta lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni ọ́fíìsì ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀ ní Warehouse Road, ní Àpápá, pè mí pé kí n wá so kọ̀ǹpútà tuntun mọ́ nẹ́tíwọ̀kì wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun láti ìgbà èwe mi ni.

Mo ṣí àkójọ àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, mo sì rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan: abeke.local.

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì ìyàwó mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nínú yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀. Madam Bísí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ta ló wá sọ oríkì rẹ̀ fún wọn? Mo wo Dèjì, akọ̀wé tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti ìyàwó mi fún ọdún méje. Àbí òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀?

N kò bi í. Mo pa orúkọ náà rẹ́, mo kọ printer1 dípò rẹ̀.

Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Nínú nẹ́tíwọ̀kì kékeré bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń tọ́jú ìwé orúkọ. Kọ̀ǹpútà tó ń wá ẹ̀rọ kan yóò ké sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé, ta ló ń jẹ́ báyìí? Ẹni tó ni orúkọ ni yóò dáhùn, tí yóò sọ ibi tó wà. Àwọn yòókù á dákẹ́. Multicast DNS ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ṣì ń pe Àbẹ̀kẹ́, kò sì sí ẹni tó dáhùn. Àwọn ìwé ẹrù tó gbọ́dọ̀ dé pọ́ọ̀tù kí aago mẹ́rin tó lù kò rí jáde.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Àbẹ̀kẹ́ ò mà dá wa lóhùn o!” Dèjì ké.

“Ta ló ní kí ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀?”

“Madam Bísí ni, sà. Wọ́n ní orúkọ tó bá a wá ti gùn jù, àwọn á fún un ní èyí tí èèyàn ò lè gbọ́ kó má dáhùn. Mo ní, orúkọ ta ni? Wọ́n ní, ‘Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀, olófòófó?’”

Mo dá orúkọ náà padà. Ẹ̀rọ kùn, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

“Àbẹ̀kẹ́ ti jí o!” ni gbogbo wọn hó.

Ìpè àwọn kọ̀ǹpútà kì í kọjá ògiri ọ́fíìsì. Nílé, mo ṣì máa ń pè é nígbà míì kí n tó rántí. Mo ti dárí ji Dèjì. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ni mo ń jowú: láràárọ̀ ni wọ́n ń pe Àbẹ̀kẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn.