Ọdún Mẹ́fà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gbà

Mo rántí ìgbà tí màmá mi fẹ́ sọ mí di ẹ̀gbọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi. Àdúgbò Life Camp ní olú ìlú la ń gbé nígbà náà. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi jẹ́ ẹni ogún ọdún. Àkàndá ni wọ́n bí i, ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dá a lójú tó pé òun ni àkọ́bí. Gbogbo Sátidé ni bọ́ọ̀sì ń wá gbé e lọ sí Wuye, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ni wọ́n ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òun yàn fún ara rẹ̀ ni pé kó máa mú àwọn kéékèèké sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Á na ọwọ́, á ní, "Di ọwọ́ mi mú. Ọkọ̀ ń bọ̀." Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì dùn mọ́ ọn ju ìrẹsì lọ.

Àmọ́ ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ètò náà ló ṣe é lófin. Màmá mi kò gbà. Ilé iṣẹ́ ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn kan ti ní ọjọ́ orí méjì, èyí tí ìyá wọn mọ̀ àti èyí tí ìjọba mọ̀. Ó ní a máa yọ ọdún mẹ́fà kúrò nínú ti ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi dùn, mo ti ń ro bí màá ṣe máa rán an níṣẹ́. Èmi ọmọ àná yìí! Mo gbàgbé pé ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Màmá mi ti kọ́ ọ láti ilé pé, "Nineteen ni kí o sọ o." Nígbà tí a dé Wuye, ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin Okun kan tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, bi í pé, "Àǹtí wa, how old are you now?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Twenty-five! Àbúrò mi nìyí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ó máa ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tíì jókòó tí òtítọ́ fi bá a. Màmá mi ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

"Kai, Mummy! Ṣé kí n wá máa pe eléyìí ní bùrọ̀dá?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé omi náà kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. "Mummy, ẹ má bínú," ló wí. "Kò sí lọ́wọ́ mi."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi wọṣọ, ó lọ dúró sí géètì wa. Bọ́ọ̀sì kò wá. Ó dúró títí oòrùn fi mú. Ó dùn mí gan-an, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe, ni mo bá ní kó jẹ́ ká lọ ra ọsàn ní ọjà Zuba. Láti ìgbà náà ni Sátidé wa ti di ti Zuba.

Mo ti kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n fi ní kó máa lọ báyìí. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ, màmá mi ti fẹ̀yìn tì. Mo ṣì ń bínú sí òfin yẹn, torí ẹni tó ṣe é kò rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì rí. Ì bá ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà sí i, ká ní ó gbà láti di àbúrò mi. Tí a bá fẹ́ sọdá ní Zuba, níbi tí ọkọ̀ Kàdúná ti ń sáré kọjá, èmi ni mo máa ń wo ọ̀tún wo òsì. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé ẹsẹ̀, ó ti na ọwọ́ sí mi.

"Di ọwọ́ mi mú. Ọkọ̀ ń bọ̀."

Mo sì máa ń dì í mú.