Ìró Tí Bàbá Fáladé Kò Gbọ́

Màmá Fáladé ló pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. "Fúnkẹ́, sípíkà Bàbá ń rú èéfín. Wọn ò sì jẹ́ kí n pa á."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Tina Junction, mo gbé àpò irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ kan dání, mo sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Bukuru. Ìyá tó jókòó tì mí kí mi pé "sannu," mi ò rántí dá wọn lóhùn. Àjà pákó ilé yẹn ni mò ń rò, àti kọ́tìnì gígùn tó wà lẹ́yìn sípíkà náà. Èmi ni mo so gbogbo wáyà ibẹ̀. Bí ilé bá jó mọ́ àwọn arúgbó méjì lórí, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá?

Ẹ̀rọ orin ni mò ń tà. Mo sì ń bá àwọn tó fẹ́ kí orin dún bíi pé olórin wà ní pálọ̀ wọn tò ó sílé. Lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Berom ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé sípíkà kì í dá dún. Ámpù ló ń fún un lágbára, sípíkà tó bá sì ṣòro í mú dún, ámpù tó lágbára ló ń fẹ́. "Má fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fa tírélà," ni ọ̀gá mi máa ń wí. Bí èèyàn bá fipá mú ámpù kékeré kó pariwo ju agbára rẹ̀ lọ, ṣe ló máa gé ohùn náà lórí. Ohùn tó ti gé bẹ́ẹ̀ a máa mú twíta gbóná títí á fi jó. Twíta ni sípíkà kékeré tó wà lókè, òun ló ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, irú èyí tí agogo ń dún.

Bàbá Fáladé mọ gbogbo èyí. Ẹnjiníà ni wọ́n níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni bàbá wọn ti wá, ṣùgbọ́n Bukuru ni wọ́n dàgbà sí. Ọmọ wọn ló fi sípíkà méjì ránṣẹ́ láti òkè òkun, gíga wọn dé àyà mi. Ámpù ni Bàbá fúnra wọn yàn: kékeré kan tó ní gílóòbù tó ń pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n kà á lórí fóònù pé kò sí èyí tó dùn tó o. Mo sọ fún wọn pé kò lè gbé sípíkà yẹn.

"Fúnkẹ́," ni wọ́n wí, "ohun tó wọ́n tó báyìí kò lè burú."

Ìkẹta tí wọ́n máa rà nìyẹn. Bí wọ́n bá ra tuntun, á dùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ní ohùn rẹ̀ ti ṣókùnkùn, bíi pé ẹnì kan fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú a máa bá etí gbọ́ orin. Èmi náà ti fi aṣọ bo ámpù méjì rí, mo tẹ́tí sí wọn, mo sì yan èyí tí mo ti ń pè ní pàǹtí.

Nígbà tí mo débẹ̀, èéfín ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ òórùn iná. Iná ti ra etí kọ́tìnì, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo na ọwọ́ sí ámpù, mi ò lè sún mọ́ ọn nítorí ooru. Bàbá jókòó sórí àga wọn nínú súwẹ́tà.

"Bàbá, ẹ̀ ń yí i sókè jù."

"Kò dún ni. Mò ń wá ohùn rẹ̀, mi ò rí i."

Mo pààrọ̀ twíta tó jóná, mo sì so ámpù dúdú tó lágbára tí mo gbé wá. Kí n tó fi orin sí i, mo máa ń dán twíta nìkan wò. Mo yọ wáyà àwọn sípíkà ńlá tó wà nísàlẹ̀ twíta, mo sì tan ìró kan ṣoṣo, tín-ín-rín, tó ń gún etí bí ẹ̀fọn. Màmá jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú ọwọ́ létí.

"Hàbà, Fúnkẹ́, rọra."

Bàbá ń wò mí pẹ̀lú sùúrù. "Ìgbà wo lo fẹ́ tan án?"

Mo rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣe aláwàdà. Mo yí i sókè sí i títí orí fi ń fọ́ mi. Wọ́n ṣì ń dúró, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Iná ti gbé mi rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀rù ìyẹn kì í pẹ́ lára. Èyí jókòó sínú mi. Màmá rọra sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀ kúrò létí, a wo ara wa, Bàbá sì rí wa.

"Ó ń dún, àbí?"

"Ó ń dún, Bàbá."

Mo pa á. Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ni àwọn ti lo ìgbà èwe àwọn, kò sì sí ohun tí wọ́n fi ń dí etí nígbà náà.

"Bí mo bá ra ẹ̀rọ tuntun, á kọ́kọ́ dà bíi pé mo tún ti ń gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́, a lè pààrọ̀ rẹ̀." Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Ẹ̀rù ń bà mí, Fúnkẹ́."

Màmá ní a máa lọ ṣe àyẹ̀wò. Bàbá gbà, bí mo bá lè tẹ̀ lé wọn.

Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ etí wò ní ọsibítù kéré bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì nípọn. Bàbá dúró síwájú rẹ̀, wọn ò wọlé. "Mo wọ ihò kùsà, kò bà mí lẹ́rù," ni wọ́n wí. "Ìwọ kọ́kọ́ wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé kí n lè kì wọ́n láyà. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò fi ìgbọ́hùn sí mi létí, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnì bí mo bá ti gbọ́ ìró. Mo ń tẹ̀ ẹ́, ó rọrùn. Ó yá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo dúró. Mo wo ìta láti ojú gíláàsì yàrá náà: ọwọ́ obìnrin náà ṣì ń yí nǹkan, ó sì tẹjú mọ́ mi, ó ń retí. Àyà mi nìkan ni mò ń gbọ́.

Nígbà tí mo jáde, ó bi mí pé, "Irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Mà?" Mo sọ fún un. Ó ní etí òsì mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù àwọn ìró tín-ín-rín. Èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, àmọ́ mo lè ṣọ́ èyí tó kù.

"Báwo ló ṣe rí?" ni Bàbá bi mí.

Ó ṣe mí bíi kí n purọ́. "Etí òsì mi ti ń lọ, Bàbá."

Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé.

Ní báyìí, Bàbá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí, wọn kì í sì í yí orin sókè mọ́. Ámpù dúdú náà ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó burẹ́wà, wọ́n fi aṣọ léèsì bò ó títí Màmá fi bá wọn jà nítorí ooru. Èmi náà ń dí etí mi bí iṣẹ́ bá pariwo. Bí oníbàárà bá wá wá ẹ̀rọ olówó gọbọi torí pé ti ilé rẹ̀ ti ṣókùnkùn, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni kan ní mo bú òun, ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ.

Bí mo bá so wáyà tán tí mo tan ìró tín-ín-rín yẹn, mo máa ń bi àwọn oníbàárà pé, "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ?" Wọ́n rò pé nítorí tiwọn ni mo ṣe ń béèrè. Ojú wọn ni mo máa ń wò, mi ò sì ní mí títí wọ́n á fi dáhùn.