Ìlà Kẹrin Nínú Ìwé Alágbàfọ̀

Alágbàfọ̀ ni ọkọ mi. Iṣẹ́ alágbàfọ̀, bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n, ni kó gba aṣọ tó dọ̀tí, kó fọ̀ ọ́, kó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, kó dá a padà fún ẹni tó ni ín, kó sì panu mọ́. Tèmi ò lè panu mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí kò sí ṣẹ́ẹ̀tì kan tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ Sátidé láìní ìwé pélébé kan nínú àpò àyà. Ìlà mẹ́rin ló máa ń wà níbẹ̀: eré ìdárayá kan, orin kan, ìwé kan, àwòrán kan. Ohun tó yẹ kéèyàn fi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wò, kó gbọ́, kó sì kà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò bi í o. Àwọn oníbàárà ti gbàgbé orúkọ ẹ̀ pátápátá, Ẹ-Lọ-Wò-Ó ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Kẹ̀kẹ́ ló fi ń pín aṣọ káàkiri, ojú ẹ̀ kì í sì í sinmi lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Bó bá gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kọjá, á dúró wo àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá dé ilé ìfìwéránṣẹ́, á fetí sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ orin lẹ́yìnkùlé. Lọ́sàn-án Jímọ̀ á wá jókòó ti tábìlì tá a fi ń ká aṣọ, á máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tọ́jú àwọn kan. Ẹ gbọ́ ọ̀kan:

“Ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn nọ́ọ̀sì lọ́jọ́rú. Ẹni tó ń ṣọ́lé wọn ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú kúrò lára nọ́ńbà méje. Ẹ gbọ́ orin àwọn onílé-ìfìwéránṣẹ́, ẹ dúró níta. Wọ́n dùn létí ju bí wọ́n ṣe dùn lójú lọ. Ẹ ka ìwé ẹyẹ, èyí tó ní èèpo búlúù ní ilé ìkàwé. Ẹ fo orí méjì àkọ́kọ́, ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń wá ibi tó máa gbé ẹnu sí. Ẹ lọ wo ẹṣin tẹ́nìkan fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri gáréèjì, kí òjò tó dé.”

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn ń ṣe é. Awakọ̀ tírélà kan tí kò ka ìwé rí látọjọ́ tó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ka ìwé ẹyẹ yẹn tán, ó sì wá ń bá wa ṣàròyé pé orí méjì àkọ́kọ́ ló dùn jù. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì máa ń wá jà lórí orin láràárọ̀ Mọ́ńdè. Kì í mú aṣọ kankan dání, ìjà nìkan ló ń mú wá. Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, bàbá á sì gbọ̀nà ilé ẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀.

Òfin méjì ló de ọkọ mi. Kì í kọ ohun tí kò tíì fi ojú ara ẹ̀ rí tàbí fi etí ara ẹ̀ gbọ́ dópin. Kì í sì í kọ ohun tí ará ilé ẹ̀ bá ṣe. Nígbà tí èyí ọkùnrin nínú ìbejì wa sáré ìje nílé-ẹ̀kọ́ tó gba ipò kìíní, ẹ ò lè mọ ohun tí bàbá ẹ̀ kọ. “Ẹ lọ wo ọmọ tó gba ipò kẹrin, ẹ wo bó ṣe ń gbé apá.” Ọmọ mi sunkún. Èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, mo kàn ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ síwájú ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá kàn mí. Èmi ni mo máa ń jókòó síbi káńtà. Látìgbà tí àwọn ìbejì ti kúrò nílé tí ilé ti dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà ya àwòrán. Páálí tá a máa ń fi sínú ṣẹ́ẹ̀tì tá a bá ká kó má bàa rún, orí ẹ̀ ni mo ń yà á sí. N kì í fi han ẹnikẹ́ni, abẹ́ káńtà ni mo ń kó wọn sí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé dúró de aṣọ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mú bírò tó jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì rí wọn.

“Mà, ta ló ya ìwọ̀nyí?”

Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, eré ni mò ń ṣe. Kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó mú mẹ́ta: okùn aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́, obìnrin kan tó ń wá nǹkan nínú àpò ara ẹ̀, àti ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn síni tó ń lọ aṣọ. Ó ní òun á gbé wọn kọ́ sára ògiri tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, láti Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́rú tí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé.

“Ọ̀gá mi ní kí èèyàn ọgbọ̀n fọwọ́ sí ìwé àlejò,” ó ní. “Tí wọ́n bá pé, ògiri yẹn á di tiyín, lóṣooṣù lẹ ó máa gbé tuntun kọ́. Tí wọn ò bá pé, pátákó ìkéde ló fẹ́ kàn síbẹ̀.”

Ọgbọ̀n èèyàn. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, méjèèjì pọ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ orúkọ mi síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bú u, kí wọ́n máa bú páálí.

Ògiri yẹn wù mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò tíì sí nǹkan tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti bímọ. Nígbà tó di Jímọ̀ tí baálé mi jókòó ti tábìlì, mo gbé omi tútù fún un, mo sì rọra bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ìlà kẹrin ti ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Mo ti rí i. Ilẹ̀kùn tí oníṣẹ́ páìpù kùn.”

“Ilẹ̀kùn?”

“Ilẹ̀kùn ọ̀hún dáa gan-an.”

Inú bí mi. Mo ní ògiri mi ńkọ́, mo ní ṣé ilẹ̀kùn oníṣẹ́ páìpù ló ń bá a gbélé ni. Wọ́n ní tẹni ní ń jọni lójú, àmọ́ tèmi ò jọ ọkọ tèmi lójú. Ó gbé bírò kalẹ̀, ó wò mí.

“Ìyá Ìbejì, bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á ní ọkọ ẹ̀ ló ń polówó ẹ̀. Àti pé ìwọ fúnra ẹ ò tíì sọ pé ìwọ lo yà á. Èmi ni kí n wá bá ẹ sọ ọ́? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.”

Mo yọ ṣùtì sí i. Ilẹ̀kùn ló jáde lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn sì wọ́ lọ wò ó, oníṣẹ́ páìpù ń rẹ́rìn-ín kiri àdúgbò. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀ kejì, àwọn mọ́kànlá péré ló ti fọwọ́ síwèé tèmi nílé ìkàwé. Mo ti fi ọkàn sí i pé pátákó ìkéde ló máa gba ibẹ̀. N kò bi ọkọ mi ní nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí, mo kàn ń fi bọ́tìnnì sínú ike bí ẹni ń sọ òkò.

Láàárọ̀ Sátidé, nọ́ọ̀sì kan wá gba yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe, ojú káńtà ló ti fa ìwé yọ tó kà á. Ó yí i padà. Ó tún yí i.

“Bọ̀ọ̀dá, ìlà kẹrin ò sí níbí o. Àwòrán dà?”

Mo na ọrùn wò ó. Ó kọ eré ìdárayá, ó kọ orin, ó kọ ìwé. Ó kọ “Àwòrán”, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọkọ mi ò gbójú kúrò lára ṣòkòtò tó ń lọ̀. “Ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bi ìyàwó mi.”

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. Tíṣà àgbà, tí kò lè dúró di Mọ́ńdè lọ́sẹ̀ yìí, tó ti jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà tó ń retí ìjà, òun náà kọjú sí mi. Mo rò ó pé kí n dárúkọ ẹṣin orí ògiri gáréèjì, òjò sì ti fọ ìyẹn lọ. Mo wo ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn, mo fẹ́ sọ áyọ́ọ̀nù lù ú.

“Àwòrán mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé,” mo ní.

“Ṣé wọ́n dáa?” Tíṣà béèrè.

“N ò mọ̀, sà. Èmi ni mo yà wọ́n.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Ilẹ̀ ò sì lanu. Nọ́ọ̀sì pariwo pé èmi kẹ̀, Tíṣà ti dìde, ó ń wá ọ̀pá ẹ̀, ó ní òun ń lọ wò ó báyìí báyìí kí òun lè padà wá bá mi jà. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń béèrè, gbogbo ọjọ́ yẹn ni mò ń dáhùn. Ẹni àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Nígbà tó fi máa kan awakọ̀ tírélà, ńṣe ni mo ń júwe ibi tó yẹ kó dúró sí kí iná má bàa tàn sórí ọ̀dà. Mo gbàgbé pé mò ń bínú.

Lọ́jọ́rú, mo lọ kó àwọn páálí mi. Ọmọbìnrin ilé ìkàwé ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Ó na ìwé àlejò sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín gbogbo eyín. Àwọn mẹ́rìndínlógójì ti fọwọ́ sí i. Ògiri ti di tèmi. Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀, mo ń kà á. Tíṣà ti fi ojú ìwé odidi kan bá obìnrin inú àwòrán kejì jà. Awakọ̀ kọ pé òun mọ atẹ́gùn yẹn, ó ti gbé tápólì òun lọ rí.

Mo wá rí ọwọ́ ìkọ̀wé kan tí mo lè dá mọ̀ nínú òkùnkùn. Ọjọ́ kìíní ni ó wà, ó tún wà ní ọjọ́ kejì, àti ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ọkọ mi ti wá, lọ́sàn-án, nígbà tó bá ń pín aṣọ. Kò fọwọ́ síwèé rárá, ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí, kí wọ́n má bàa kà á mọ́ èèyàn ọgbọ̀n. “Okùn aṣọ yẹn dáa.” “Àpò obìnrin yẹn jìn ju àpò èèyàn lọ, àmọ́ kí ẹni tó yà á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” “Ọrùn ọkùnrin tó ń lọ aṣọ gùn jù.” Oníyẹ̀yẹ́ èèyàn. Mo ń bú u lábẹ́lẹ̀, mo sì ń ṣí ìwé síwájú.

Èyí tó kọ kẹ́yìn, àná ló kọ ọ́.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n lọ wo nǹkan. N ò mọ̀ pé ẹnìkan jókòó lẹ́yìn mi tó ń wò mí báyìí. N ò lè kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ojú á tì mí kí n tó kọ ọ́ tán.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sunkún díẹ̀, ẹ má sọ fún un. Lẹ́yìn náà, mo ní kí ọmọbìnrin yẹn yá mi ní bírò, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé:

“Ọrùn ẹ ò gùn jù. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wò ó.”