Ẹni Tí Yóò Fi Ọ̀bẹ Rọ́bà Gún Mi

Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun rò pé nítorí olè ni mo ṣe ń lọ kọ́ ìjà. Ohun tí mo sọ fún wọn lórí fóònù nìyẹn, pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn lọ́nà Kuje lẹ́bàá ilé wa. Irọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mò ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí ilé wa ní Festac, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí àwọn èèyàn ní méjì-méjì tí wọ́n dojú kọra, tí apá wọn ń kanra. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ta ló tún di ọwọ́ mi mú? Mo wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní àgbàyà.

Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì, mo tó bí i lọ́mọ dáadáa. Ìjà ẹni tó ti sún mọ́ ọ jù ló ń kọ́ wa. Wàá fi apá kan apá ẹnìkejì, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ṣí, tìrẹ á tẹ̀ lé e, wàá tì í mọ́ ọn láyà. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀bẹ rọ́bà. Ẹnìkan á gún, ẹnìkejì á gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, á lọ́ ọ títí ọ̀bẹ á fi bọ́.

Wàhálà mi ni pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ló kún ibẹ̀. "Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà!" Wọn á dọ̀bálẹ̀. Tó bá wá di kí wọ́n gún mi, ọ̀bẹ á máa rọra bọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ṣíbí oògùn bọ ọmọdé lẹ́nu. Mi ò ní tíì fọwọ́ kàn wọ́n tán tí ọ̀bẹ á ti bọ́, tí wọ́n á ti ṣubú. "Háà, Dádì lágbára o!" Agbára wo? Ṣé mo jọ ẹyin ni? Mo fẹjọ́ sun Kóòṣì: "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Bí wọn ò bá gún mi, kí ni màá kọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Nínú gbogbo èrò yẹn, èmi nìkan ni mò ń jà.

Ọmọbìnrin tuntun kan wá dé, tó ń ta sípéà páàtì mọ́tò ní Trade Fair. Kò tíì mọ àṣà wọn. Kóòṣì ní kó wá dojú kọ mí. "Bàbá, ẹ kúùrọ̀lẹ́," ló wí, ló bá gún mi níkùn, gbì! Kí n tó mí, ó ti di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ mi láyà pinpin.

"Bàbá, ẹ ti kú o!" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé apá yín sókè dáadáa. Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, ó sì gbóná. Mi ò fẹ́ kó tíì tú mi sílẹ̀. Omi lé sójú mi, mo ní òógùn ni.

Ọrùn ọwọ́ mi wú díẹ̀. Bí mo bá ń jẹun níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń tẹ ibẹ̀ kó lè dùn mí. Àwọn ọmọ mi pè, wọ́n ní ohùn mi yàtọ̀. Mo fi òpó ilẹ̀kùn ṣe alátakò, mo ń gbé apá sókè bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ní kí n gbé e. Mo fẹ́ kó rí i.

Nígbà tí ọjọ́ kíláàsì tún pé, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ dáadáa yẹn, wọ́n rọ̀gbà yí ọmọbìnrin náà ká, wọ́n ń bá a wí. Ṣé kò rí i pé àgbàlagbà ni? Ṣé bó ṣe máa ń ṣe bàbá tó bí i nìyẹn?

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ni mo pariwo. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ má bínú sà. Kò mọ̀ ni," ni wọ́n bẹ̀ mí.

Nígbà tó kàn wá, mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo gbé apá sókè gan-an bó ṣe kọ́ mi. "Ó yá, ọmọ mi. Gún mi."

Ó wò mí, ó wo àwọn tó kù. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀bẹ rọ́bà náà sí mi, èèkù rẹ̀ kọjú sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ gbà, Dádì," ló wí.