Orin Ajá Lẹ́yìn Ilé Wa ní Bódìjà

Lọ́dún tí wọ́n dá Mọ́mì dúró sí ọsibítù, mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àbúrò mi obìnrin kò sì tíì máa lọ sílé ìwé. Ìyá tó bí Mọ́mì ló ti Ọ̀yọ́ wá tọ́jú wa ní Bódìjà. Wọn kì í gba ọmọdé láyè ní wọ́ọ̀dù. Dádì nìkan ló ń lọ. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á ní, "Ara ìyá yín ń yá," ṣùgbọ́n ojú wọn kò jọ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Màmá àgbà á pàlọ́ fún wa. Ti Ìjàpá ló pọ̀ jù, a ó sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pa ti Ajá. Ìyàn mú, àwọn ẹranko fẹnu kò pé kí kálukú mú ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n pa á jẹ. Ajá nìkan ló gbé tirẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run. Tí ebi bá pa á, á kọrin, ìyá rẹ̀ á ju okùn sílẹ̀, á fi fà á gòkè lọ jẹun.

Àbúrò mi kò bá mi gberin. Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n gbé Mọ́mì pamọ́ sí?"

"Rárá o, ọmọ mi. Ọsibítù ni ìyá rẹ wà." Ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yí padà, wọn ò sì parí àlọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn ilé. Ó gbójú sókè, ó ń kọrin Ajá, ó ń bẹ Mọ́mì kí wọ́n ju okùn sílẹ̀. Aládùúgbò kan yọjú lójú fèrèsé, ó pariwo: "Ẹ pa ọmọ yìí lẹ́nu mọ́ o! Kí ló ń pè sórí ìyá ẹ̀?"

Ìgbà náà ni Dádì wọlé dé. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ orin náà, wọ́n wá kọjú sí Màmá àgbà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa irú àlọ́ yẹn fún àwọn ọmọ mi mọ́."

"Àlọ́ tí mo pa fún ìyá wọn náà ni. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ lè gba ìyá rẹ̀ là ni."

"Ẹni tí ẹ pa á fún ni kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn!"

N kò gbọ́ kí Dádì gbóhùn sókè sí wọn rí. Màmá àgbà wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Dádì kó àwa ọmọ méjèèjì lọ sí ọsibítù, wọ́n bẹ nọ́ọ̀sì títí ó fi gbà. Mọ́mì ti rù débi pé ọrùn wọn kò ju ọwọ́ mi lọ. Àbúrò mi kò sáré lọ dì mọ́ wọn. Ó wò wọ́n lókè wò wọ́n nílẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé wọn ò ní pa yín jẹ?"

Dádì kọjú sí ògiri. Mọ́mì na ọwọ́ sí i. "Wọn ò ní pa mí jẹ, ọmọ mi. Súnmọ́ mi."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá Mọ́mì sílẹ̀, agbára wọn kò sì bọ̀ sípò tán. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n délé ni Màmá àgbà padà sí Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà, tí àwọn àti Dádì bá pàdé, wọ́n á kíra, wọ́n á béèrè àlàáfíà, gbogbo rẹ̀ á sì pin síbẹ̀.