Ọ̀rọ̀ Orúnkún Rylan

Ní ìlú Dunmere, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Saskatchewan, ẹni tí kò bímọ lè gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ láìṣe ẹbí rẹ̀. Ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tiwa, tí à ń pè ní Ìkookò, a máa kó àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn a sì fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará ìlú. Onílé ni yóò fún ọmọ ní yàrá, oúnjẹ àti ìbáwí. Ọmọ náà yóò máa gbá họ́kì fún ìlú, títí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú mìíràn. Lọ́jọ́ náà, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ, wọn yóò sì mú ẹlòmíràn wá sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Orysia Hnatiuk, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mélòó kan nígbà tí Wasyl ọkọ rẹ̀ wà láyé. Àwọn méjèèjì kò bímọ. Nígbà tí Wasyl kú sórí tirakítọ̀ ní àsìkò ìkórè ọkà, obìnrin náà sọ fún ẹgbẹ́ pé òun kò gba ọmọ mọ́. Láti ìgbà náà, orí ìdúró níwájú sítóòfù ló ti ń jẹun, nítorí kò rí ẹni tí wọn yóò jọ jókòó sídìí tábìlì. Ó pẹ́ kí ẹgbẹ́ tó tún wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ọmọ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí wọ́n fi wá ilé fún un. Ọmọ náà ni Rylan Thiessen. Ó ga bí òpó iná, ara rẹ̀ balẹ̀, bó bá sì tẹ ológbò níru, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ológbò. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ọdún kẹta rẹ̀ ló ń lọ níbẹ̀ yẹn.

Bí òtútù bá mú tí irun imú ń dì, kí Orysia tó jí, Rylan á ti jáde lọ ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì bọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò sí ẹni tó rán an. Orysia náà a máa se pérógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀ tí wọ́n sì fi àlùbọ́sà dín, ọmọ náà á sì jẹ ẹ́ títí abọ́ yóò fi mọ́. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni nígbà tí a kọ́kọ́ ń pè é ní Ìyá Rylan. Nígbà tó yá, bí èèyàn bá pè é ní Orysia, kì í tètè dáhùn.

Lẹ́yìn Kérésì ọdún náà, gólì wa, ọmọ tó ń ṣọ́ ẹnu àwọ̀n, ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Gbogbo Dunmere mọ̀ pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wá gólì mìíràn kí gbèdéke pàṣípààrọ̀ tó pé ní oṣù kìn-ín-ní. Ohun tí a kò mọ̀ ni ẹni tí a óò fi sílẹ̀ dípò rẹ̀.

Inú ilé kọfí ẹ̀gbẹ́ pápá yìnyín ni wọ́n ti ń yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni àwọn àgbà ọkùnrin ń jókòó síbẹ̀. Wọn a mi dáìsì nínú ife, ẹni tó bá pàdánù ni yóò ra kọfí fún gbogbo tábìlì.

"Ẹgbẹ́ Lorrimer ní gólì méjì," ni Delbert Fehr wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àgbẹ̀ ni Delbert, ó ti fa oko lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju ọ̀rọ̀ họ́kì lọ. "Ẹni tó ní méjì á ta ọ̀kan. Àmọ́ wọn ò ní gba àlìkámà lọ́wọ́ wa o."

"Kí ni wọ́n máa gbà?" Lorne Pashko ló béèrè. Lorne ti ṣe rẹfirí títí ó fi darúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, Delbert sì máa ń sọ pé èyí kì í ṣe àìsàn tuntun.

"Rylan ni."

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Kí n pa á dé kẹ̀? Àbúrò ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dán yìnyín ní pápá Lorrimer. Ó ní kóòṣì àwọn wá síbí lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fa fìlà bojú. Ṣé kọfí ló wá mu ni? Kọfí yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń ta kọfí ní kí Delbert máa lọ mu tiẹ̀ ní Lorrimer. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú yí sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí Orysia ti ń mu tirẹ̀ kó tó lọ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé.

"Ìyá Rylan, ẹ̀yin lẹ wà nílé. Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Tí mo bá jẹ́ Lorrimer," ni Lorne wí, "màá ti mú un láná. Ife-ẹ̀yẹ ni wọ́n ń wá, ọmọ yẹn ló sì máa gbé e wálé fún wọn."

"Tí ara ẹ̀ bá ṣáà ti dá," ni Delbert wí. "Kò sẹ́ni tó ń ra ẹṣin tó ń tiro."

Orysia kò mu kọfí rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́, wọ́n ní àwọn kì í sọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ fún onílé. Ó lọ bá ìyàwó kóòṣì ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ń wo ata bí ẹni tí kò gbọ́. Tí fóònù ọmọ náà bá dún nínú yàrá, á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á di èémí mú. Ó ń se oúnjẹ bí ẹni tí yóò bọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Bí ó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí tábìlì ilé yóò ti rí bí ẹnì kan ṣoṣo bá tún kù sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Rylan ti ibi ìgbáradì dé, ó ní rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá ti ba òun lórúnkún òsì. Orysia yọ àpò ẹ̀wà tútù kan tó ti dì bí òkúta láti inú firíìsà, ọmọ náà gbé e lé orúnkún, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ń fo àtẹ̀gùn ilé ní méjì-méjì. Ẹ̀wà náà, wọ́n sè é jẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Lẹ́yìn èyí ni Delbert gbé ìròyìn dé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lorrimer yóò fún wa ní gólì kan, àwa yóò fún wọn ní Rylan. Ó ku kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń sọ pé gólì náà dára, Lorne ní ẹgbẹ́ tí kò ní gólì dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Orysia gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Ta ló fẹ́ gba ẹni tí orúnkún ń dùn?"

Delbert yí àga rẹ̀ sí i.

"Orúnkún wo?" ni Delbert béèrè.

"Ti òsì. Alaalẹ́ ló ń gbé àpò ẹ̀wà dídì lé e. Èmi ni mò ń gbé e fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Delbert Fehr, kò tíì sí ọ̀rọ̀ "ẹ má sọ" tó gbé inú rẹ̀ di ọ̀sán. Orysia mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi sọ ọ́ létí rẹ̀ nìyẹn.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé epo. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ní eegun ló sán. Ẹlòmíràn ní wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, pé ẹgbẹ́ ń fi pamọ́ kí ọjà lè tà. Àbúrò ìyàwó Delbert gbọ́ ọ lórí fóònù, ó sì gbé e wọ inú pápá Lorrimer tòun ti ẹ̀wà inú rẹ̀. Àwọn Lorrimer pe dókítà ẹgbẹ́ wa. Dókítà ní orúnkún le koko. Wọn kò gbà á gbọ́, nítorí ta ló ń bi ẹni tó ń ta ẹṣin bóyá ẹṣin náà ń tiro? Wọ́n lọ mú ọmọ mìíràn níbòmíràn.

"Lorrimer ti sá!" ni Delbert kígbe bí Orysia ti ń wọ ilé kọfí. Orysia yí padà sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ sílé, ó sì po ìyẹ̀fun pérógì.

Rylan dé ní ọ̀sán. Ó jókòó sídìí tábìlì láìbọ́ kóòtù.

"Wọ́n ní Lorrimer ò fẹ́ mi mọ́."

"Ṣé ìyẹn ò dáa ni? Ilé lo ṣì wà. Bọ́ bàtà ẹ, kó o jẹun."

"Màmá mi ti ra fìlà wọn."

Orysia yíjú sí i. "Fìlà àwọn ta?"

"Ti Lorrimer. Oko wa ò jìnnà síbẹ̀, bí ìdajì wákàtí ni. Wọ́n ní táwọn bá fún wàrà màlúù tán nírọ̀lẹ́, àwọn máa dé bá eré kó tó parí." Ó ń fi ìka fa ìlà lórí tábìlì. "Màlúù ò mọ Kérésì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan, ojoojúmọ́. Látìgbà tí mo ti débí, inú fóònù ni wọ́n ti ń wò mí."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo rò pé ẹ máa sọ pé mo fẹ́ sá fún yín."

Orysia kọjú sí sítóòfù. Òróró ń ta lórí iná, kò sì dín in kù.

"Wọ́n ní orúnkún mi ló fà á," ni Rylan tún wí. "Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ ń sọ nípa àpò ẹ̀wà kan..."

Ó wo firíìsà. Ó wo ẹ̀yìn obìnrin náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó rọra gba àtẹ̀gùn lọ sí yàrá. Pérógì tutù sínú àwo.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Orysia gbé àwọn ọmọ dé ilé-ìwé, ó sì wa bọ́ọ̀sì ofìfo náà tààrà lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá pé irọ́ lòun pa. Ó ní kó pe Lorrimer, kó fún òun ní fóònù, òun fúnra òun yóò sọ ọ́. Ọ̀gá náà fi ọwọ́ bojú.

"Ìyá, Lorrimer ti mú ẹlòmíràn. Àti pé kí ni wọ́n máa gbà gbọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ẹ sọ pé ó ń dùn ún, ẹ̀ẹ̀kan ẹ sọ pé kò dùn ún."

"Ẹ jẹ́ kó dúró síbí nígbà náà."

"A ò ní gólì," ni ọ̀gá dáhùn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí gbèdéke tó pé, ẹgbẹ́ Kestle Bay nìkan ló kù tó ní gólì tí wọn yóò fún wa. Ìsàlẹ̀ tábìlì ìdíje ni Kestle Bay wà, lẹ́yìn àwọn òkè ńlá, níbi tí èèyàn kì í dé lọ́jọ́ kan bí ìrì dídì bá ń bọ́. Oko màlúù àwọn òbí Rylan jìnnà sí Dunmere. Ó wá jìnnà sí Kestle Bay ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n fi Rylan ránṣẹ́ sí.

Ní àárọ̀ tó fẹ́ lọ, Orysia jáde láti lọ tan bọ́ọ̀sì. Gíláàsì ọkọ̀ ti mọ́ féfé. Ọmọ náà ti ha yìnyín rẹ̀ kúrò bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ńlá rẹ̀, ó ń retí ẹni tí yóò wá gbé e.

Orysia na páálí pérógì sí i. "Rylan, èmi ni mo sọ ọ́."

"Mo mọ̀, mà."

"Bú mi. Sọ nǹkan kan."

Rylan gbé páálí náà sábẹ́ apá. Ọkọ̀ dé. "Ẹ rọra máa wakọ̀ o," ni gbogbo ohun tó sọ. Nígbà tí Orysia padà wọlé, ó rí kọ́kọ́rọ́ ilé lórí tábìlì.

Gólì tuntun náà ń jẹ́ Emmett Sauvé. Orysia ní òun kò gbà á, ṣùgbọ́n kò sí yàrá mìíràn ní gbogbo ìlú, òtútù sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ lójú ọ̀nà. Ó fún un ní oúnjẹ. Orí ìdúró níwájú sítóòfù ni òun ti jẹ tirẹ̀.

Nígbà tó tún yọjú sí ilé kọfí, Delbert dìde láti kí i.

"Ìyá Emmett, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ jókòó. Wọ́n ní èjìká ọmọ tuntun yìí ò fi bẹ́ẹ̀ dáa?"

Orysia dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ni."

"Àwọn wo? Ẹ dárúkọ wọn." Lorne di dáìsì mọ́wọ́, kò mì í. "Èjìká rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Baba Fehr, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́. Torí Ọlọ́run. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ó di ọwọ́ Delbert mú lójú gbogbo wa, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ti Delbert. Ó ní òun kò ní sọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, a ti gbọ́ ọ ní ilé epo pé èjìká gólì náà ti bàjẹ́ tán pátápátá, nítorí pé onílé rẹ̀ gan-an ló fi omijé bẹ Delbert pé kó má sọ ọ́.