Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Ẹ́díńbọ́rà, láti Ilé Wa dé Ilé Baba Ràfíù

Òórùn ewé ọdán tútù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já ewé ọdán, oje funfun máa ń sun lójú ibi tí wọ́n ti já a, a sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí di ọ̀sán. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Ètè gbogbo wa ló bó, iná ti jó gbogbo igbó tó yí Ṣakí ká, kùrukùru sì bolẹ̀ débi pé a kì í rí àpáta ẹ̀gbẹ́ ilé wa kí oòrùn tó gòkè dáadáa. Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì kẹfà. Ilé wa ló kẹ́yìn ìlú lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rin títì yẹn láyé ìgbà náà ò ní gbàgbé rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n dà sí i ò fẹ̀ ju ohun tí mọ́tò kan lè gbà lọ, òjò sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí mọ́tò méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan bọ inú iyanrìn. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ní ká kúrò lọ́wọ́ òsì, ká máa gba ọwọ́ ọ̀tún, àwọn awakọ̀ àgbà kan ṣì máa ń ṣèèṣì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gan-an ni títì ti ṣẹ́ kọ́nà mọ́ àpáta ńlá kan lára. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn kì í rí ohun tó wà lẹ́yìn àpáta yẹn títí yóò fi kan án.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe títì yẹn ni mo mọ̀ jù. Títì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni mo mọ̀. Máàpù kan ṣoṣo ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéwọyè, a máa fi pàṣán tọ ìlà pupa kan lórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: títì ńlá tó ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìhà àríwá, tó gba Sítífínéèjì, Sítáńfọ̀dù, Gíráńtámù, Níwáàkì, Dóńkásítà, Dálíńtìnì, Dọ́ráámù àti Níúkáásù, tó wá ré kọjá Bẹ́ríìkì wọ ilẹ̀ Sìkọ́tíláńdì, tó sì parí sí Ẹ́díńbọ́rà. Bí irínwó máìlì ni gbogbo rẹ̀. Tíṣà ò débẹ̀ rí, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ní ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ lórí títì náà láyé àtijọ́, ilé ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹṣin tó bá rẹ̀. Ó ní oko àlìkámà ló tẹ́ lọ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì, pé yìnyín máa ń bo títì nígbà òtútù, ó sì ti sin àwọn arìnrìn-àjò láàyè rí. Ó ní gbogbo máìlì kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tirẹ̀, gbogbo kọ́nà sì ní òpó irin tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ kó tó débẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa béèrè pé ta ló ń ṣọ́ àwọn òpó náà kí wọ́n má jí i. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀mí ló wà nídìí ẹ̀."

Alábẹ̀wò kan ń bọ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́yìn ọdún tuntun, èmi ni Tíṣà sì yàn pé kí n ka títì náà níwájú rẹ̀, ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo ya títì náà sínú àgbàlá wa: ilé ìdáná ni Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu kànga ni Dóńkásítà, èèkàn tí bàbá mi so àgbò Iléyá mọ́ ni Níúkáásù, ẹ̀bá títì níwájú ilé ni Ẹ́díńbọ́rà. Ibikíbi tí wọ́n bá rán mi, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ìyá mi a ní, "Ṣìfáwù, ojú ni wọ́n fi ń rìn, wọn kì í fi ẹnu rìn." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, èmi a sì máa ka títì mi lọ.

Tíṣà náà mọ̀ pé títì onítítì là ń kọ́. Ó ti sọ fún wa pé bí alábẹ̀wò bá ti lọ, títì tiwa ló kàn, Ṣakí sí Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́. Kò sí ìwé tó kọ ọ́ sí, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ, tí yóò máa wo máìlì lójú aago alùpùpù náà, tí yóò sì máa kọ gbogbo abúlé, gbogbo afárá, gbogbo kọ́nà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a jáde ilé ẹ̀kọ́ ló gbéra lọ sí Ìsẹ́yìn.

Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni ewé àgbò. Bàbá mi fẹ́ràn àgbò yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti ṣèlérí fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé kò ní sí irú rẹ̀ ládùúgbò. Àmọ́ iná ti jó igbó, ó di kí n rìn jìnnà kí n tó rí ewé tútù já. Ìrọ̀rùn kan ṣoṣo tí mo ní ni ewé àwọn onímọ́tò. Ẹ mọ̀ ọ́n: bí mọ́tò bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ a já ẹ̀ka igi eléwé, a tò ó sójú títì sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níwájú. Òun ni òpó irin tiwa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún mọ́tò ṣe tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rántí kó ewé náà kúrò. Wọn a wa ọkọ̀ wọn lọ, ewé a wà níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Àwa ọmọ ẹ̀bá títì a sì máa kó o fún ẹran. Kò sẹ́ni tó rí i bí ẹ̀ṣẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo jáde sẹ́bàá títì, mo bá ìdì ewé ọdán mẹ́ta nílẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, gbogbo rẹ̀ tutù. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún, mo wo ọwọ́ òsì, kùrukùru nìkan ni mo rí. N kò gbọ́ ìró mọ́tò kankan. N kò rìn dé ẹ̀yìn àpáta. Ìṣísẹ̀ ogójì péré ni, mo ti kà á nígbà tí mo dàgbà. Inú mi dùn pé iṣẹ́ àárọ̀ ti tán, mo fa ìdì kìíní lọ sílé, mo padà wá fa ìkejì, mo padà wá fa ìkẹta. Mò ń ka títì mi bọ̀ láti òkè: Ẹ́díńbọ́rà, Bẹ́ríìkì, Níúkáásù.

Mo wà nídìí àgbò tí mo gbọ́ alùpùpù Tíṣà. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa tí kò mọ ìró rẹ̀, ó máa ń wúkọ́ bí arúgbó. Mo gbọ́ ọ tó ń bọ̀, mo gbọ́ ọ tó kọjá níwájú ilé wa. Lẹ́yìn náà ìró náà dákẹ́.

Mo sáré jáde. Akẹ́rù tó kó pákó láti Ìsẹ́yìn ló dúró lẹ́yìn àpáta, ásù, irin tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ti kán. Pákó náà gùn yọ sẹ́yìn kọjá ìdí ọkọ̀, ara pákó yẹn ni Tíṣà lọ kọlù. N kò ní sọ bí mo ṣe bá a. Wọ́n ṣì gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kú kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́.

Baba Ràfíù ló ni akẹ́rù náà, ọmọ àdúgbò kejì sí tiwa. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń wò, èrò ti pé lé e lórí, wọ́n ti ń lù ú. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ. "Mo já ewé sílẹ̀. Ẹ gbọ́, mo já ewé. Ewé ọdán, ìdì mẹ́ta."

"Níbo ló wà?" ni wọ́n ń bi í. "Fi hàn wá."

Ó gbé ojú sókè, ó wo títì. Iyanrìn ẹ̀bá títì ní ipa ibi tí wọ́n ti wọ́ nǹkan gbà. Ó tọ ipa náà pẹ̀lú ojú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀ka ọdán kan ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ pé mo mú un jáde. A wo ara wa. Mo rò pé yóò sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ó fi ọwọ́ bo orí rẹ̀, wọ́n sì ń lù ú lọ títí ọlọ́pàá fi dé.

Mo sọ fún bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ara mi dé ìwọ̀n yẹn. Mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, nídìí àgbò, ewé ṣì kún ẹnu ẹran náà. Bàbá mi kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó jókòó sórí odó tó dorí kodò. Ó ní, "Bí o bá sọ ọ́, Tíṣà ò ní jí. Wọn á kàn máa nàka sí ọ títí o fi máa wọlé ọkọ. N ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ mọ́." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kó ewé tó kù, ó sun ún. Ewé tútù kì í tètè jó. Èéfín rẹ̀ wà nínú àgbàlá wa títí alẹ́ fi lẹ́.

Wọ́n ti Baba Ràfíù mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa jáde, ìpáǹle ti tú akẹ́rù rẹ̀ palẹ̀ níbi tó wà. Kò tún wa ọkọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Bàbá Kòjáwé ni gbogbo Ṣakí ń pè é. Àwọn ọmọdé a máa kígbe rẹ̀ bó bá ń kọjá. Lọ́jọ́ kan tí a ń ti ilé kéwú bọ̀, gbogbo wọn pè é, èmi náà pè é pẹ̀lú wọn. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má fura ni mo ṣe pè é. Ohùn mi ló tiẹ̀ ròkè jù.

A pa àgbò náà lọ́jọ́ Iléyá. Bàbá mi gé itan kan odidi, ó ní kí n gbé e lọ fún ìyàwó Tíṣà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọdọọdún la máa ń fún ara wa lẹ́ran, kò sẹ́ni tí yóò rí i bí nǹkan àjèjì. Obìnrin náà kúnlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ní kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ san án fún wa. Ó fi ìwé pélébé kan hàn mí tí wọ́n bá nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Títì wa ni, Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, abúlé lábúlé, afárá láfárá. Ó ku kọ́nà ilé wa nìkan tí kò sí níbẹ̀.

Mo ka títì Gẹ̀ẹ́sì fún alábẹ̀wò. N kò fo ìlú kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ kí ọmọ mi ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé mi gba títì yẹn. Gbogbo orúkọ náà ń yọ sí mi lórí pátákó bí Tíṣà ṣe tò wọ́n. Bí a ṣe kọjá Gíráńtámù, ọkọ̀ kan bàjẹ́ lẹ́bàá títì, irin pupa onígun mẹ́ta sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹkún gbọ̀n mí débi pé ọmọ mi ní láti wá ibi tó máa dúró sí. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún lẹ́yìn bàbá mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọkùnrin yẹn ṣì wà láyé?"

Ó wà láyé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, orí àkéte ló ń jókòó sí lójoojúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, Ràfíù àkọ́bí rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Ṣakí, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ ara mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ràfíù, tí irun òun náà ti ń funfun, dìde, ó wọlé lọ.

Mo bi baba pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Bí inú àwọn èrò ṣe ń hó yẹn, ṣé kí n wá na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ?" Wọ́n tún ní, "Mo rí ẹ, ewé wà lọ́wọ́ ẹ. Mo ní, ọmọdé ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ní ó máa wá lọ́la."

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà lè ka irínwó máìlì ilẹ̀ onílẹ̀ láìfo ìlú kan. Láti ilé wa dé ilé Baba Ràfíù ò tó ìdajì máìlì, ilé méjìdínlógún péré ló wà láàárín. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi rìn ín.